Ìbọn Ààbò àti Ẹ̀rí Ìṣirò: Àròjinlẹ̀ kan láti Bantama

Ìbéèrè tí ó wà níwájú àròkọ yìí ni bóyá ó tọ́ kí ẹni tí kì í ṣe ọlọ́pàá, tí kì í sì í ṣe ọmọ ogun, máa tọ́jú ìbọn sílé nítorí ààbò ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ará ilé rẹ̀, àti bóyá ìṣirò, èyíinì ni kíka iye ìgbà tí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ gba ẹ̀mí là àti iye ìgbà tí ó pa ẹni tí kò yẹ kí ó kú, lè bá wa parí àríyànjiyàn náà. Àwọn amòfin ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí rẹ̀, àwọn onímọ̀ ìṣirò ti sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n inú ẹ̀sìn àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà wà, nítorí pé kí a tó ka ohunkóhun, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní ààbò, kí a sì mọ ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ yẹ ní gbígbà. Bantama, àdúgbò ńlá kan ní ìlú Kúmásì ní orílẹ̀-èdè Gánà, jẹ́ ibi tí ó dára láti dúró sí wo ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ìtàn ogun àti ìbọn wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá tí ó ń gba ẹni tí ìbọn bà wà níbẹ̀, àwọn àlejò oníṣòwò, tí Yorùbá wà lára wọn, sì ti ń gbé ìlú náà láti ọjọ́ pípẹ́.

Oyè Bantamahene, èyíinì ni olórí Bantama, kì í ṣe oyè kékeré láàárín àwọn Àṣáńtì, nítorí òun ni Krontihene Kúmásì, balógun àgbà tí ó máa ń ṣáájú ogun nígbà tí Asantehene, ọba gbogbo Àṣáńtì, kò bá lọ fúnra rẹ̀. Amankwatia, tí ó wà lórí oyè yìí nígbà ogun Àṣáńtì àti Gẹ̀ẹ́sì ti 1873 sí 1874, kú lójú ìjà ní Amoafo ní ọjọ́ 31, oṣù Kìíní, ọdún 1874, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ogun rẹ̀ ti ń fi ṣakabùlà, ìbọn tí a ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu, kojú ìbọn Snider tí a ń ki ọta sí láti ìdí. Lẹ́yìn ọdún méjìlélógún, ní 1896, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, tí Baden-Powell, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wọn, wà pẹ̀lú wọn, dáná sun ilé tí egungun àwọn ọba Àṣáńtì máa ń wà ní Bantama. Yorùbá tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí yóò rántí Kírìjì, ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí ó sì gba orúkọ rẹ̀ láti inú ìró ìbọn, níbi tí ìbọn tuntun tí àwọn ọmọ Èkìtì Parapọ̀ rí rà láti Èkó ti yí ojú ogun padà mọ́ Ìbàdàn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú òfin Àṣáńtì àtijọ́ tí ó ṣe pàtàkì sí àròjinlẹ̀ yìí ju ogun lọ. R. S. Rattray, tí ó tẹ ìwé kan jáde ní 1929 lórí òfin àti ètò ìjọba Àṣáńtì, ṣàlàyé pé Asantehene nìkan ni ó ní àṣẹ láti gba ẹ̀mí, débi pé ẹni tí ó bá pa ara rẹ̀ pàápàá di arúfin, a sì máa ń dá ẹjọ́ fún òkú rẹ̀, nítorí pé ó gba iṣẹ́ ọba ṣe. Ilẹ̀ tí ìbọn pọ̀ sí ni ilẹ̀ Àṣáńtì ìgbà náà, ọdẹ ní ìbọn, jagunjagun ní ìbọn, a sì ń yìn ín níbi ìsìnkú; síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó rò pé níní ìbọn jẹ́ níní àṣẹ láti pinnu ẹni tí yóò kú. Ikú ènìyàn jẹ́ ọ̀ràn gbogbo ìlú, ẹni tí ó bá sì fa ikú gbọ́dọ̀ dúró níwájú ìlú kí ó sọ ìdí rẹ̀.

Òfin tí Gánà ń lò lónìí kò gba ẹ̀tọ́ ìdáàbòbò ara ẹni lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Abala 13 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1992, tí ó dúró lórí ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí, sọ pé a kò ní ka ènìyàn sí ẹni tí ó rú ẹ̀tọ́ náà bí ikú bá wáyé níbi tí ó ti ń lo agbára tí ó mọ níwọ̀n láti gba ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn lọ́wọ́ ìwà ipá, tàbí láti dáàbò bo dúkìá. Abala 37 nínú òfin ìwà ọ̀daràn ti ọdún 1960 sì là á sílẹ̀ pé agbára náà kò gbọdọ̀ kọjá èyí tí ọ̀ràn gbà, àti pé ìgbà tí ọ̀ràn bá le dé ojú ikú nìkan ni ó lè dé orí pípa ènìyàn. Abala 33 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ohun kan náà. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, ẹni tí ó bá fẹ́ ní ìbọn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, èyí sì fi hàn pé ohun méjì ni àwọn ènìyàn ń dà pọ̀ mọ́ra wọn: ẹ̀tọ́ láti dáàbò bo ẹ̀mí, tí a bí mọ́ olúkúlùkù, àti àṣẹ láti fi ìbọn ṣe é, tí kò bá ẹnikẹ́ni wáyé. Ẹni tí ó bá fi ìdí ti àkọ́kọ́ múlẹ̀ kò tíì fi ìdí ti èkejì múlẹ̀.

Iye ìbọn tí ó wà ní Gánà pàápàá kò rọrùn láti mọ̀. Ìwádìí tí àjọ ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ ohun ìjà kéékèèké ṣe ní 2014 fojú bù ú pé ìbọn tó mílíọ̀nù 2.3 wà lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, àti pé nǹkan bí mílíọ̀nù 1.1 nínú wọn ni kò sí nínú ìwé ìjọba. Ṣáájú ìgbà náà, ní 2005, olùwádìí kan tí ń jẹ́ Kwesi Aning kọ ìwádìí kan lórí àwọn alágbẹ̀dẹ tí ń rọ ìbọn ní ìkọ̀kọ̀ ní Gánà, nínú èyí tí ó ti ṣírò pé agbára wọn lè tó 200,000 ìbọn lọ́dún kan. Ó yẹ kí a fara balẹ̀ ka irú iye bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí ọwọ́ lè ṣe bí gbogbo alágbẹ̀dẹ bá ṣiṣẹ́ tó agbára rẹ̀ ni ó ń sọ, kì í ṣe ohun tí ọwọ́ ti ṣe, ẹni tí ó bá sì kánjú kà á yóò sọ fún ẹlòmíràn pé 200,000 ìbọn ni àwọn alágbẹ̀dẹ Gánà ń rọ lọ́dọọdún. Bí a bá tilẹ̀ gba gbogbo iye wọ̀nyí gbọ́, ìbọn ni wọ́n kà. Wọn kò ka ohun tí a fi ìbọn ṣe. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ti ń gbìyànjú láti ka ìdáàbòbò fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí ìbọn ọwọ́ ará ìlú ti pọ̀ ju ènìyàn lọ, nítorí àjọ Small Arms Survey ti ìlú Geneva fojú bù ú ní 2017 pé ó tó mílíọ̀nù 393.

Ní ọdún 1995, Gary Kleck àti Marc Gertz, àwọn onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn ní Florida State University, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi tẹlifóònù ṣe, nínú èyí tí wọ́n bi nǹkan bí 5,000 àgbàlagbà léèrè bóyá wọ́n ti lo ìbọn rí láti gba ara wọn lọ́wọ́ ọ̀daràn. Ẹni kan lé díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún dáhùn pé òun ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan tí ó kọjá. Nígbà tí wọ́n fi ìdá kékeré yìí ṣírò gbogbo àgbàlagbà Amẹ́ríkà, ó di ìgbà mílíọ̀nù 2.5 lọ́dún kan ṣoṣo. Iye yìí gba ẹnu àwọn olóṣèlú àti àwọn tó ń ta ìbọn kan. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ń ṣe lọ́dọọdún láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé, èyí tí ó ń bi ènìyàn léèrè ohun tí ọ̀daràn ṣe sí wọn, kò rí ju nǹkan bí 60,000 sí 110,000 lọ ní àkókò kan náà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì lé ní ìlọ́po ogún. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí Institute of Medicine pè jọ ní 2013 kó àwọn iye náà jọ, láti 108,000 títí dé mílíọ̀nù 3 ó lé, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìyan ọ̀kan.

David Hemenway ti Harvard ni ó ṣàlàyé ní 1997 ibi tí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ti lè wá, àlàyé rẹ̀ sì yẹ ní kíkọ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó ń fi ìwádìí wá òtítọ́. Ká sọ pé nínú ènìyàn 1,000, ẹnì kan péré ni ó lo ìbọn láti gba ara rẹ̀ lọ́dún tí ó kọjá, àwọn 999 yòókù kò lò ó. Bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn 999 wọ̀nyí bá dáhùn bẹ́ẹ̀ni láìṣe òótọ́, yálà nítorí pé ó fẹ́ pera rẹ̀ ní akọni, tàbí ó gbàgbé pé ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni nǹkan náà ṣẹlẹ̀, tàbí kò gbọ́ ìbéèrè náà yé, ènìyàn mẹ́wàá ni yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí èké, iye tí olùwádìí yóò sì kọ sílẹ̀ yóò di mọ́kànlá dípò ọ̀kan. Bí ẹni kan ṣoṣo tí ó lo ìbọn ní tòótọ́ bá sì pa ẹnu mọ́, ohun tí yóò yọ kúrò nínú iye náà kò ju ẹyọ kan lọ. Nítorí náà, nígbà tí ohun tí a ń wá bá ṣọ̀wọ́n, irọ́ díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó pọ̀ a máa bo òtítọ́ àwọn tí kò tó nǹkan mọ́lẹ̀. Hemenway fi ẹ̀rí mìíràn kún un: àwọn tí Kleck àti Gertz bi léèrè sọ ohun tí, bí a bá ṣírò rẹ̀, yóò túmọ̀ sí pé àwọn olùdáàbòbò yìnbọn ba nǹkan bí 200,000 ọ̀daràn lọ́dún, nígbà tí gbogbo ènìyàn tí ìbọn bà tí wọ́n gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà, láti ọwọ́ ẹnikẹ́ni, kò ju nǹkan bí 100,000 lọ.

Kleck kò gbà, kò sì yẹ kí a pa èsì rẹ̀ mọ́. Ó ní ọ̀pọ̀ ẹni tí ó lo ìbọn ni kò ní ìwé àṣẹ láti gbé e, wọn kò sì ní jẹ́wọ́ fún olùbéèrè tí ó mọ orúkọ àti ilé wọn, pàápàá bí olùbéèrè náà bá jẹ́ ti ìjọba. Àti pé ìwádìí ìjọba kì í béèrè ọ̀rọ̀ ìdáàbòbò lọ́wọ́ ẹni tí kò bá tíì kọ́kọ́ sọ pé ọ̀daràn dojú kọ òun. Òótọ́ wà nínú èyí. Ẹni tí olè sálọ fún nítorí pé ó rí ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ lè má ka ara rẹ̀ sí ẹni tí wọ́n ṣe ní ibi, ìwé ìjọba kò sì ní mọ̀ nípa rẹ̀ láéláé. Àwọn ìwádìí tó dúró sí apá kejì náà ní àléébù tiwọn: Arthur Kellermann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ ní 1993 pé ewu ìpànìyàn nínú ilé tí ìbọn wà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ilé tí kò sí, àwọn alárìíwísí sì dáhùn pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹni tí ewu ti ń lé kiri ni ó sáré lọ ra ìbọn. Ohun tí ó bani nínú jẹ́ ni pé ní 1996 ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà fi àṣẹ kan dẹ́rù ba àjọ ìlera orílẹ̀-èdè náà, débi pé fún ogún ọdún ó lé, owó ìjọba fẹ́rẹ̀ẹ́ má wọ inú ìwádìí ìbọn mọ́. Ìlú tí ó ń bẹ̀rù ìdáhùn kò lè bínú pé òun kò rí i.

Síbẹ̀ àìlera tí ó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo kíkà yìí kì í ṣe ti ìṣirò rárá. Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ohun tí ìwádìí tẹlifóònù sì ń ṣe gan-an nìyẹn: ó ń gbọ́ ti ẹni tí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gbọ́ ti ẹni tí wọ́n na ìbọn sí. Nínú kóòtù ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ a máa fi irin búra ní orúkọ Ògún kí ó tó jẹ́rìí. Ẹni tí ó ń dáhùn lórí tẹlifóònù kò búra fún ohunkóhun. Hemenway àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbìyànjú láti wo ibi tí èyí lè já sí nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2000: wọ́n kó ìtàn tí àwọn ènìyàn sọ nípa bí wọ́n ti fi ìbọn gba ara wọn fún adájọ́ márùn-ún kà, wọ́n sì ní kí wọ́n gbà pé gbogbo ohun tí olùsọ̀tàn sọ jẹ́ òótọ́. Síbẹ̀síbẹ̀, èyí tí ó ju ìdajì lọ ni àwọn adájọ́ kà sí ohun tí ó jọ pé kò bófin mu. Ìjà ẹnu ló pọ̀ nínú wọn, tí ó gbóná títí tí ẹnì kan fi fa ìbọn yọ, tí olúkúlùkù sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹnì kejì ni ó bẹ̀rẹ̀.

Ilé ìwòsàn Komfo Anokye ní Bantama fi apá kejì àìlera yìí hàn. A sọ ilé ìwòsàn náà ní orúkọ àlùfáà ńlá tí ó bá Osei Tutu dá ìjọba Àṣáńtì sílẹ̀, idà tí ìtàn sọ pé ó gún mọ́lẹ̀ sì wà nínú ọgbà rẹ̀ títí di òní; láti 1975 ni ó ti jẹ́ ibi tí a ti ń kọ́ àwọn dókítà ní Kúmásì. Irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ lè ka ọgbẹ́, ó lè ka òkú, ó lè kọ ọjọ́ orí àti irú ọta sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ka olè tí ó padà lẹ́nu ọ̀nà. Ibi tí ìbọn ṣe máa ń fi ara hàn, ire tí ìbọn ṣe kì í fi nǹkankan sílẹ̀ ju ẹnu ẹni tí ó sọ ọ́ lọ. Nítorí èyí, ẹni tí ó ní kí a ka ọgbẹ́ nìkan ń ṣègbè, ẹni tí ó sì ní kí a gba ìtàn gbọ́ bí ó ti wù kí ó rí ń ṣègbè jù ú lọ, nítorí pé ọgbẹ́ kì í purọ́.

Àwọn ẹlẹ́sìn ti ronú lórí ọ̀ràn yìí kí ìbọn tó gbilẹ̀ láyé, wọ́n sì ka ohun tí olùdáàbòbò mọ̀ tàbí tí kò mọ̀ ní wákàtí náà sí pàtàkì púpọ̀. Òfin Mósè nínú Ẹ́kísódù orí 22 ya olè tí ó fọ́lé lóru sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó fọ́lé nígbà tí oòrùn ti là: ẹni tí ó pa ti òru kò jẹ̀bi ẹ̀jẹ̀, ẹni tí ó pa ti ọ̀sán jẹ̀bi, èyí tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ túmọ̀ sí pé lóru onílé kò lè mọ̀ bóyá ẹrù ni àjèjì náà wá gbé tàbí ẹ̀mí ni ó wá gbà. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà ní Hippo, le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó kọ̀wé sí Publicola pé òun kò fọwọ́ sí i kí ènìyàn pa ẹlòmíràn kí a má bàa pa á, àyàfi bí ó bá jẹ́ ọmọ ogun tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń ṣe iṣẹ́ tí a fi rán an. Thomas Aquinas, ní nǹkan bí ọdún 850 lẹ́yìn rẹ̀, tún ọ̀rọ̀ náà gbé kalẹ̀ lọ́nà tí ọ̀pọ̀ Kristẹni ń tẹ̀lé dòní: iṣẹ́ kan lè ní àbájáde méjì, ọ̀kan tí ènìyàn fẹ́, èyíinì ni pípa ẹ̀mí ara rẹ̀ mọ́, àti èkejì tí kò fẹ́, èyíinì ni ikú akọluni, kò jẹ̀bi bí ó bá jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ ni ó ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó jẹ̀bi bí agbára tí ó lò bá kọjá ohun tí ó nílò. Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, hádíìsì tí àwọn onímọ̀ gbà fi ẹni tí wọ́n pa níbi tí ó ti ń dáàbò bo dúkìá rẹ̀ sí ipò ajẹ́rìíkú. Síbẹ̀ Khalil ibn Ishaq, onímọ̀ òfin ti Íjíbítì ní sẹ́ńtúrì kẹrìnlá, tí ìwé rẹ̀ jẹ́ òpómúléró fún ìlànà Máàlíkì tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀lé, sọ pé kí a kọ́kọ́ kìlọ̀ fún akọluni tí ó bá lè gbọ́ ìkìlọ̀, àti pé ẹni tí ó bá lè sá láìfarapa kò gbọdọ̀ ṣe é léṣe.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wọ̀nyí tí ó béèrè iye. Wọ́n béèrè èrò ọkàn, wọ́n béèrè ìwọ̀n, wọ́n béèrè ìmọ̀. Ìbọn sì ni ohun ìjà tí ó ṣòro jùlọ láti fi dé ojú òṣùwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ láti òkèèrè, kí onílé tó mọ ẹni tí ó dé. Ọta rẹ̀ kò ní ìwọ̀n, kò sì ṣeé pè padà. Ẹni tí ó fi igi tàbí àdá kojú olè ṣì lè dá ọwọ́ dúró bí ó bá gbọ́ ohùn ẹni tí ó mọ̀.

Ìtàn Gánà láìpẹ́ fi hàn ẹni tí ó ń san gbèsè àìmọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, 2017, Maxwell Mahama, kápítẹ́nì nínú àwọn ọmọ ogun Gánà, tí a gbé ga sí ipò Mèjọ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, ń sáré ìdárayá ní Denkyira-Obuasi, níbi tí wọ́n rán an lọ ṣiṣẹ́, pẹ̀lú ìbọn ìléwọ́ lára rẹ̀. Àwọn kan rí ìbọn náà, wọ́n gbà pé adigunjalè ni, àwọn ará ìlú sì pa á ní ìpakúpa. Ní oṣù Kìíní 2024, ilé ẹjọ́ rán mẹ́fà lára àwọn tí ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀ sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ìbọn ààbò ni ó pa á, láìjẹ́ pé a yìn ín. Ní oṣù Keje 2018, àwọn ọlọ́pàá pa ọ̀dọ́mọkùnrin méje láti Zongo, èyíinì ni àdúgbò àwọn àlejò, ní Kúmásì ní agbègbè Manso Nkwanta, wọ́n ní adigunjalè ni wọ́n. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn kò rí ẹ̀rí pé olè ni wọ́n. Ọlọ́pàá ni wọ́n, wọn kì í ṣe onílé, ṣùgbọ́n bí a bá ti bi àwọn tí ó yìnbọn nìkan léèrè, iṣẹ́ ààbò ni a ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Àlejò ni Mahama ní Denkyira-Obuasi. Ọmọ Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, ni àwọn méje náà. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí Yorùbá tí ó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, 1969, nígbà tí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Gánà, tí àwọn Yorùbá tí wọ́n ti bímọ sí Kúmásì fi ilé àti ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Kwasi Wiredu, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí a bí ní Kúmásì ní 1931, kọ́ni pé ìpìlẹ̀ ìwà rere ni kí ènìyàn fi ara rẹ̀ sí ipò ẹlòmíràn pẹ̀lú àánú àti láìṣègbè, kí ó tó ṣe ohun tí ó fẹ́ ṣe. Ẹni tí ó ń ra ìbọn sábà máa ń fi ara rẹ̀ sí ipò onílé nìkan. Ìlànà yìí ní kí ó fi ara rẹ̀ sí ipò ẹni tí ó ń kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú, tí èdè rẹ̀ yàtọ̀, tí ó ṣi ilé, tàbí tí ó ń wá ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ̀tọ́ láti dáàbò bo ẹ̀mí dúró gbọn-in, kò sí ìṣirò tí ó lè fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ náà tàbí kí ó gbà á. Ṣùgbọ́n yíyan ìbọn gẹ́gẹ́ bí irinṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jíhìn fún ẹ̀rí, ẹrù ìjíhìn náà sì wà ní ọrùn ẹni tí ó fẹ́ gbé e wọlé. Títí di ìsinsìnyí, ẹ̀rí náà kò tó. Ó yẹ kí ilé ìwòsàn Komfo Anokye, àwọn ọlọ́pàá, àti àjọ tí ó ń rí sí ohun ìjà kéékèèké ní Gánà jọ máa tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde lọ́dọọdún, tí yóò sọ ẹni tí ìbọn bà, ẹni tí ó yìn ín, bóyá ìbọn náà ní ìwé àṣẹ, bóyá ẹni tí ó yìn ín sọ pé òun ń gba ara òun sílẹ̀, àti ohun tí ilé ẹjọ́ rí nígbà tí ó gbọ́ tẹnu méjèèjì. Kí àwọn ẹgbẹ́ Yorùbá ní Kúmásì, tí ọ̀rọ̀ àlejò kàn ju ẹnikẹ́ni lọ, sì máa béèrè fún un.